Owó Ń Pe Àlejò, Ilẹ̀ Ló Ń Mú Un Padà Wá: Ìtàn Ìdíje Gọ́ọ̀fù ní Ọsirélíà

Ìtàn tòní jìnnà sí ilé. Ó dá lórí ilẹ̀ Ọsirélíà àti eré gọ́ọ̀fù, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti ihò kan dé òmíràn títí wọ́n á fi parí ihò méjìdínlógún. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló borí. Àwọn tó fi eré náà ṣe iṣẹ́ sábà máa ń gbá a fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹni tó bá ti bá wọn ṣètò ọdún ìlú rí mọ ohun tó kàn wá. Ìlú tó jìnnà sí ojú ọ̀nà, báwo ló ṣe máa ṣe é tí àwọn èèkàn fi máa wá síbi ọdún rẹ̀? Bí wọ́n bá sì wá lọ́dún yìí, kí ló máa mú wọn padà wá lẹ́ẹ̀mìíràn? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ọsirélíà ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ọdún 1904 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje tí wọ́n ń pè ní Australian Open, ní pápá ẹgbẹ́ The Australian Golf Club ní ìlú Sydney. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Michael Scott, tí kì í fi eré náà jẹun, ló borí. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀nà nígbà náà. Láti Yúróòpù dé Sydney, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí òkun ni. Eléré wo ló máa fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan tìtorí ìdíje kan ṣoṣo? Nítorí náà, àwọn tó ń gbé ilẹ̀ náà ló ń bá ara wọn du ife. Ivo Whitton, tí òun náà kì í gba owó eré, gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín 1912 sí 1931.

Àwọn àlejò kò wá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé tó mọ eré náà dunjú kò dúró. Joe Kirkwood gba ife náà ní 1920, ó sì gba Amẹ́ríkà lọ, níbi tó ti ń rìn láti ìlú dé ìlú tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà fún èrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Kirkwood yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ló tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun tó yí ìtàn náà padà ṣẹlẹ̀ ní 1926. Ẹgbẹ́ Royal Melbourne, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1891, fẹ́ ṣe pápá tuntun. Wọ́n ránṣẹ́ sí Alister MacKenzie ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣègùn tó ti fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ tó di ẹni tí ń ya àwòrán pápá gọ́ọ̀fù. Nǹkan bí oṣù méjì péré ni ọkùnrin náà lò ní Ọsirélíà. Ẹgbẹ́ náà mọ ìṣirò owó: wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù tó bá fẹ́ ìmọ̀ràn rẹ̀ wá sanwó, kí owó tí wọ́n ná lé e lè padà wọlé. Báyìí ni ọwọ́ MacKenzie ṣe kan pápá púpọ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ní Kingston Heath, òun ló sọ ibi tí kí wọ́n gbẹ́ àwọn kòtò yanrìn sí. Kò dúró wo bí iṣẹ́ ṣe parí. Alex Russell, tó gba Australian Open ní 1924, àti Mick Morcom, olùtọ́jú koríko ní Royal Melbourne, ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ àwòrán náà di ilẹ̀. Pápá Ìwọ̀-Oòrùn ti Royal Melbourne ṣí ní 1931, èyí tí Russell fúnra rẹ̀ yà ní ìhà Ìlà-Oòrùn sì tẹ̀ lé e.

Kí ló wà lára ilẹ̀ yẹn gan-an? Yanrìn ni. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Melbourne, agbègbè kan wà tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì yanrìn, ibẹ̀ ni Royal Melbourne, Kingston Heath, Metropolitan, Victoria, Huntingdale àti àwọn mìíràn wà nítòsí ara wọn. Òjò kì í dúró lórí yanrìn. Ilẹ̀ á gbẹ, á le, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ á sáré lọ síwájú dípò kó dúró sójú kan. Wọ́n lè gé etí kòtò yanrìn dé etí ilẹ̀ àyíká ihò gan-an láìwó. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gbà gbòòrò, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò á fi rò pé eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà náà ni èèyàn ti lè rí ihò dáadáa. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di kòtò yanrìn àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Agbára nìkan kì í borí níbẹ̀. Ó di kí èèyàn ronú kó tó gbá a.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí a máa padà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí MacKenzie kúrò ní Ọsirélíà, òun àti Bobby Jones ló jọ ya pápá Augusta National ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Masters. Ó kú ní January 1934, oṣù méjì ṣáájú Masters àkọ́kọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Gene Sarazen, ọ̀kan nínú àwọn àgbà eléré Amẹ́ríkà, wá gba Australian Open ní 1936 ní Metropolitan. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ òfuurufú sọ oṣù di ọjọ́. Ní 1959, Royal Melbourne gba ìdíje Canada Cup lálejò, ìdíje tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń fi eléré méjì ránṣẹ́ sí. Kí èrò má baà máa dá títì kọjá, wọ́n ṣa ihò méjìdínlógún jọ láti inú pápá méjèèjì tí ẹgbẹ́ náà ní. Àwọn ọmọ onílé, Peter Thomson àti Kel Nagle, ló gbà á. Thomson yìí kan náà ló gba Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ìgbà ọ̀pọ̀ yanturu ló tẹ̀ lé e. Gary Player láti Gúúsù Áfíríkà gba Australian Open lẹ́ẹ̀meje láàárín 1958 sí 1974. Ní 1965, ní pápá Kooyonga ní Adelaide, ó gbá 62 lọ́jọ́ kan, ó sì tún gbá 62 lọ́jọ́ mìíràn nínú ìdíje kan náà. Jack Nicklaus ará Amẹ́ríkà gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1964 sí 1978. Arnold Palmer náà gbà á ní 1966. Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n mókè jù ní gbogbo ayé nígbà náà, gbogbo wọn ló sì fi orúkọ sílẹ̀ lára ife Ọsirélíà.

Kí ló gbé wọn wá? Owó wà níbẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà bọ́ sí i. Òtútù Amẹ́ríkà ni ẹ̀rùn Ọsirélíà, eré Amẹ́ríkà sì ti máa ń parí kí òtútù tó mú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní November, ìhà gúúsù ayé ló máa kọjú sí. Ohun kẹta ni iyì: nígbà yẹn, ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ borí káàkiri ayé.

Ọkùnrin kan wà tó rí i pé owó àti ilẹ̀ kò yẹ kó pínyà. Kerry Packer ni, olówó tó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún mẹ́rin léra wọn, láti 1975 sí 1978, ìdíje náà dúró sí The Australian ní Sydney pẹ̀lú owó rẹ̀, Nicklaus gan-an ló sì ní kó wá tún pápá náà yà. Nínú ọdún mẹ́rin yẹn, Nicklaus gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. David Graham, ọmọ Ọsirélíà, ló gba ti 1977. Ẹ ò rí i? Ẹni tí Packer pè gẹ́gẹ́ bí àlejò ló tún fà lé lọ́wọ́ pé kó wá kọ́ ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ilé kan dìde tí òun fúnra rẹ̀ tó èrò fà. Greg Norman wà ní ipò kìíní lágbàáyé fún ọ̀sẹ̀ 331 lápapọ̀. Ó gba Australian Open lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìdíje mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní 1979 ní Huntingdale, Australian Masters, tí ẹni tó bá borí ń wọ kóòtù aláwọ̀ wúrà. Norman gba ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tí Norman bá wálé, tẹlifíṣọ̀n àti onígbọ̀wọ́ á tẹ̀ lé e. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìdíje tó gbára lé ẹnì kan, bí ẹni náà bá ti darúgbó, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Láti ìparí ọdún 1990 síwájú, owó Amẹ́ríkà ga sókè débi pé Ọsirélíà ò lè bá a dọ́gba mọ́. Àwọn ọmọ tó tọ ipasẹ̀ Kirkwood kọ́lé sí Florida. Síbẹ̀ ilẹ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ní December 1998, wọ́n gbé Presidents Cup wá sí Royal Melbourne, ìdíje tí Amẹ́ríkà fi ń kojú gbogbo ayé yàtọ̀ sí Yúróòpù. Thomson ló ṣáájú ikọ̀ àgbáyé, Nicklaus ló ṣáájú Amẹ́ríkà. Àgbáyé fi 20½ sí 11½ na Amẹ́ríkà. Títí di ìdíje ti 2024, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni ikọ̀ àgbáyé borí rí. Ilẹ̀ yanrìn yẹn kò mọ ẹni tó lówó jù.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ńlá dé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ January 2001, wọ́n gbé ìdíje Match Play wá sí Metropolitan. Eléré 64 tó mókè jù lágbàáyé ló yẹ kó wá, owó ẹ̀bùn sì jẹ́ mílíọ̀nù 5 dọ́là Amẹ́ríkà. Owó wà, ilẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ lásìkò Kérésì àti ọdún tuntun láti wọ ọkọ̀ òfuurufú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà? Tiger Woods ò wá. Phil Mickelson ò wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèkàn ló ní àwọn ò wá. Àwọn olùṣètò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé orúkọ títí wọ́n fi kọjá ẹni ọgọ́rùn-ún kí àyè 64 tó kún. Steve Stricker, tí ipò rẹ̀ wà ní àyíká 90, ló gbà á lọ. Wọn kò gbé ìdíje náà padà sí Ọsirélíà mọ́. Owó àti ilẹ̀ nìkan kò tó, ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí i.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dójú tì wọ́n. Ní Australian Open ti 2002 ní pápá Victoria, wọ́n jẹ́ kí koríko àyíká ihò gbẹ kó sì le kọjá ààlà. Bọ́ọ̀lù kò dúró mọ́. Wọ́n ní láti fagi lé eré ọjọ́ kìíní pátápátá, ìdíje ọjọ́ mẹ́rin sì di ọjọ́ mẹ́ta. Pápá dáadáa kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lówùúrọ̀ kùtùkùtù ló ń mú un dára.

Nígbà tí onígbọ̀wọ́ aládàáni ń sá, ìjọba dá sí i. Láti 2006 sí 2019, Sydney ni Australian Open dúró sí lọ́dọọdún nípasẹ̀ àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales. Ìdíje náà rí oúnjẹ jẹ, àmọ́ àwọn pápá yanrìn Melbourne ò rí i fún ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ni àwọn pápá ńlá wọ̀nyí. Bí ìdíje bá dé, wọ́n á gbé pápá wọn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ fún àgọ́, okùn àti ẹsẹ̀ èrò. Kì í ṣe gbogbo wọn ni inú wọn ń dùn sí i.

Melbourne wá gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní November 2009, wọ́n gbé Australian Masters kúrò ní Huntingdale lọ sí Kingston Heath, wọ́n sì san owó fún Tiger Woods pé kó wá. Ìròyìn ọjọ́ náà sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 dọ́là Amẹ́ríkà ni, ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria sì san bí ìdajì. Gbogbo owó ẹ̀bùn ìdíje náà lápapọ̀ kò tó ohun tí ẹnì kan gbà kó tó gbá bọ́ọ̀lù kan. Àwọn kan bínú, wọ́n ní owó ìlú ni wọ́n ń fún ẹni tó ti lówó jù. Àwọn mìíràn ní ẹ lọ wo ọjà. Tíkẹ́ẹ̀tì ti tán kí eré tó bẹ̀rẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì kún, Tiger sì borí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ó padà wá, Stuart Appleby ló gbà á. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Tiger kò wá mọ́, èrò fọ́n ká. Ìdíje 2015 ni ìkẹyìn Australian Masters. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín ọjọ́ tí èrò kún inú rẹ̀ jù àti ọjọ́ tó kú.

Australian Open kò kú. Rory McIlroy gbà á ní 2013, Jordan Spieth gbà á ní 2014 àti 2016. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ọjọ́ tún tì. Láti 2013, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sáà tuntun ní October, àkókò tí Ọsirélíà ń lò bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àrùn Kòrónà fagi lé ti 2020 àti 2021. Nígbà tó padà ní 2022, wọ́n ní kí ọkùnrin àti obìnrin máa díje ní ọ̀sẹ̀ kan náà, lórí pápá kan náà. Ó jẹ́ kí àwọn obìnrin rí èrò tó pọ̀, àmọ́ àwọn eléré kan ṣàròyé pé kò jẹ́ kí ìdíje náà rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà náà ni owó ńlá tún dé, láti Saudi Arébíà. Ní April 2023, LIV Golf, tí Greg Norman ń darí nígbà náà, wá sí pápá The Grange ní Adelaide. Pápá yìí kan náà ni Norman ti gba ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní 1976. Mílíọ̀nù 25 dọ́là ni ẹ̀bùn. Àwọn olùṣètò ní èrò tó wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta lé ní 70,000, pẹ̀lú orin àti ariwo. Adelaide tí àwọn èèkàn kì í yà sí mọ́, inú wọn dùn, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ní 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde àdéhùn tó máa dé 2031 àti èrò láti tún pápá ìlú ní North Adelaide ṣe fún un. Àwọn ará ìlú kan fárí ga nítorí igi àti ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àríyànjiyàn àtijọ́ náà ni: ta ló ń sanwó àlejò, kí ló sì máa kù fún onílé?

Ní ọdún 2025 kan náà, Melbourne gbìyànjú ohun mìíràn. Wọ́n dá Australian Open padà sí Royal Melbourne, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1991. Wọ́n ya ìdíje ọkùnrin àti ti obìnrin sọ́tọ̀. McIlroy, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Masters ní April ọdún náà, gbà láti wá, ó sì tún gbà láti padà wá ní 2026 sí Kingston Heath. Owó ìjọba Victoria wà nínú ètò náà, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ṣùgbọ́n ohun tuntun kan wà níbẹ̀: Augusta National kéde pé ẹni tó bá gba Australian Open máa rí ìwé ìpè sí Masters. Nígbà tí eré parí ní December, kì í ṣe McIlroy ló gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Cameron Smith, ọmọ ilé tó ṣe ipò kejì pẹ̀lú àlàfo ìgbá kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Dẹ́nmáàkì, Rasmus Neergaard-Petersen, tí púpọ̀ nínú èrò kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ló gbé ife.

Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti yé èèyàn jù. McIlroy ló pe èrò jọ, ilẹ̀ ló yan ẹni tó borí, ìwé ìpè sì ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò sẹ́ni tó máa sanwó kí wọ́n wá. Ìdíje tó ní ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí á dùn fún ọdún kan. Èyí tó ní gbogbo rẹ̀, tó sì bọ́ sí ọjọ́ tó tọ́, lè pẹ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Royal Melbourne, níbi tí MacKenzie ti ṣiṣẹ́ ní 1926, ni Neergaard-Petersen ti borí. Augusta, pápá tí ọkùnrin kan náà yà lẹ́yìn náà, ni ìwé ìpè náà sì gbé e lọ. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí MacKenzie ti kú, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń bá Ọsirélíà pe àlejò.

Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin ará wa? Ká ní ẹ̀yin ni ìjọba Victoria ní 2009, ṣé ẹ máa san owó náà fún Tiger, àbí ẹ máa fi tún ilẹ̀ ṣe? Ẹ sọ tẹnu yín fún wa nísàlẹ̀. Ó di ìtàn mìíràn, ire o.